Sàráà Kọ́ Ni À Ń Tọrọ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ṣe Oògùn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé oògùn lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí ó má sì tó o lò. Àtọ̀gbẹ ló ń bá wọn fínra, ínsúlínì sì ni dókítà ní kí wọ́n máa gún lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí sílé wọn, mo bá wọn níwájú fèrèsé, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, àwọn ìlà tí wọ́n fà sí ara rẹ̀ sì wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti di ojú kan kí wọ́n tó lè kà wọ́n. Wọ́n fa oògùn náà dé orí ìlà ogún, wọ́n wò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra tì í padà sínú ìgò títí ó fi dúró sórí ìlà mẹ́rìndínlógún.

Mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ogún ni dókítà kọ fún yín ni?"

Wọ́n ní, "Ogún ni. Ogún láàárọ̀, ogún lálẹ́. Tí mo bá ń fa ogún, ìgò yìí á ti tán kí oṣù tó tán." Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà sí itan, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ìgò náà padà sínú fíríìjì, kí n sì rọra, kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Yúnìtì 1,000 ló wà nínú ìgò kan. Ẹni tí ó bá ń lo 40 lójúmọ́, ọjọ́ 25 ni yóò fi lò ó. Ẹni tí ó bá ń lo 32, ó lè fa ìgò kan náà dé ọjọ́ 31. Ìṣirò wọn pé pérépéré. Ara wọn ni kò bá ìṣirò náà lọ, nítorí pé kí ọdún mẹ́ta tó pé, ojú wọn ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa bí wọ́n ṣe ń fi iye lé oògùn lórí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì ń gbé kiri: kí ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn jẹ aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́? N kò béèrè ohun tí ó lè fi ta á lọ́rẹ bí inú rẹ̀ bá dùn. Ohun tó jẹ ẹ́ ni mo ń béèrè, bí ènìyàn ṣe ń jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ínsúlínì fúnra rẹ̀ dára láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe é jáde ti fèsì sí ìbéèrè yìí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí oògùn àtọ̀gbẹ nígbà náà. Ebi ni àwọn dókítà fi ń pa aláìsàn kí ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, ọmọ náà kò sì tó kílò 30 mọ́. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gún un ní ọjọ́ 11 oṣù náà kò dára, ìdọ̀tí wà nínú oògùn náà, ara ọmọ náà kò gbà á. James Collip, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà lára àwọn tó ń ṣe oògùn náà, padà sídìí iṣẹ́, ó yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, wọ́n sì tún un gún ní ọjọ́ 23. Lọ́tẹ̀ yìí, ṣúgà wálẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń wò bí ẹni tó ń lọ lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Frederick Banting, Charles Best àti Collip, àwọn tó ṣe oògùn náà jáde, ta páténtì rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto. Dọ́là kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Páténtì yìí ni ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń sọ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí lágbájá ṣàwárí, kò sì gbọdọ̀ tà á, títí iye ọdún kan yóò fi pé. Ìdí tí àwọn wọ̀nyí fi gbà á rárá ni kí alágbára kan má baà gbà á mọ́ ayé lọ́wọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà jálẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Eli Lilly, Novo Nordisk àti Sanofi, ló wá di ẹni tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ínsúlínì ayé ń ti ọwọ́ wọn jáde. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń gba páténtì tuntun lórí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Àwọn àtúnṣe kan dára lóòótọ́, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí Humalog, ọ̀kan nínú ínsúlínì Eli Lilly, dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, dọ́là 21 ni ìgò kan. Kò tó ọdún 25 lẹ́yìn náà tí iye tí wọ́n kọ sí i fi kọjá dọ́là 250, bẹ́ẹ̀ ìgò náà ni ìgò náà, oògùn inú rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ náà máa ń sọ pé àwọn alágbàtà tó wà láàárín àwọn àti aláìsàn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú owó náà, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé àgbàlagbà tó wà lábẹ́ ètò ìlera Medicare kò gbọdọ̀ san ju dọ́là 35 lóṣù lórí ínsúlínì kan. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 kò tíì parí tí Eli Lilly fi kéde pé òun yóò gé iye ínsúlínì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí àwọn méjì tó kù sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tó kógbá sílé nínú wọn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ní ọdún 2023, kí ló dè wọ́n lọ́wọ́ tí wọn kò fi ṣe é ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú?

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ìgbà kan wà tí n kò rí ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bínú sí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn lọ́jọ́ kan, mo sì dá a lóhùn pé kí ó lọ ka ìtàn Merck. Ní ọdún 1987, Roy Vagelos tó jẹ́ olórí Merck kéde pé ilé iṣẹ́ náà yóò máa fi oògùn Mectizan ta ayé lọ́rẹ, bí ó bá ṣe pọ̀ tó àti bí ó bá ṣe pẹ́ tó. Àrùn ìfọ́jú etí odò ni ó ń wò, àrùn tí kòkòrò kékeré kan ń fi aràn rẹ̀ sí ènìyàn lára, tí ara á máa yún ẹni títí awọ á fi le bí awọ ẹranko, tí aràn náà á sì wọ ojú lọ. Kò sí owó lọ́wọ́ àwọn tí àrùn náà ń ṣe. Wọ́n ń fún wọn lóògùn náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọdún ń gorí ọdún, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé àrùn náà ti tán ní Kòlóńbíà, àti ní ọdún 2025 pé ó ti tán ní Nìjẹ́, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Satoshi Ōmura àti William Campbell tí iṣẹ́ wọn bí oògùn náà gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015.

Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ìtàn yẹn. N kò mọ ẹni tó lè ka nǹkan tí ojú àwọn ènìyàn náà rí kí ó sì wá máa fẹnu tẹ́ ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn: bí Vagelos bá sọ pé òun kò ṣe ńkọ́? Ta ni ì bá mú un? Oògùn náà ti ń pa owó ńlá fún Merck lára màlúù àti àgùntàn kí ó tó kan ènìyàn, nítorí náà apá ilé iṣẹ́ náà ká ìfitọrẹ náà. Àìmọye oògùn ló wà tí kò ní màlúù tí yóò san owó rẹ̀. Ọwọ́ olùfúnni ló ń lékè. Ẹni tí ó ń gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè yan èyí tí yóò gbà, kò lè sọ iye tí ó fẹ́, kò sì lè bínú lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó tó. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ oògùn sí ọ̀rọ̀ àánú nìkan, a ti gbà pé ẹni tí kò rí àánú gbà kò ní ohun tí yóò wí.

Láti ọdún 1977 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń tẹ àkójọ oògùn kòṣeémáàní jáde, ìyẹn àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣàìní. Nǹkan bí igba oògùn ló wà nínú ti àkọ́kọ́; nígbà tó fi di ọdún 2023, wọ́n ti lé ní 500. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, kòṣeémáàní, ló ń dà mí láàmú. Bí a bá ti lè pe nǹkan ní ohun tí kò ṣeé ṣaláìní, a jẹ́ pé a ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tí olówó nìkan ń rà. Ní ọdún 2008, Paul Hunt, ẹni tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣọ́ ọ̀ràn ẹ̀tọ́ sí ìlera, kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ oògùn, tó fi ń sọ pé àwọn pẹ̀lú ní ojúṣe nínú ẹ̀tọ́ yìí. Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìjọba ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kàn, pé ọjà ni ti oníṣòwò. Mo gba ìdajì rẹ̀. Ìjọba tí kò pèsè owó ìlera, tí ó ń gba owó orí lórí oògùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kó oògùn pamọ́ títí ó fi bàjẹ́, kò lẹ́nu láti fi bú ilé iṣẹ́ kankan. Ìdajì kejì ni n kò gbà, nítorí pé ẹni tí ìjọba bá fún ní àṣẹ pé òun nìkan ni kí ó máa ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò kú bí kò bá rí, kì í ṣe oníṣòwò lásán mọ́.

Ibi tí ó ti hàn sí mi kedere jù lọ ni Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1997, lábẹ́ ìjọba Nelson Mandela, ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin kan tí yóò jẹ́ kí ìjọba lè ra oògùn láti orílẹ̀-èdè mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ti ń ta oògùn kan náà ní owó pọ́ọ́kú. Kòkòrò HIV ń pa ènìyàn bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Oògùn tó lè dá a dúró ti wà, àwọn tó wà nílẹ̀ olówó ti ń lò ó, wọ́n sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọdún kan fún ẹnì kan lè tó dọ́là 10,000, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1998, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn gbé ìjọba náà lọ sílé ẹjọ́. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Pretoria ní oṣù kẹta ọdún 2001. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: wọn kò ní kí ìjọba san gbèsè, wọn kò ní wọ́n jí wọn lẹ́rù. Wọ́n ní kí ó má lọ ra ọjà àwọn níbi tí àwọn fúnra àwọn ti ń tà á ní ẹ̀dínwó.

Láàárín ọdún mẹ́ta tí ìwé ẹjọ́ fi wà nílẹ̀, Zackie Achmat, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Treatment Action Campaign sílẹ̀, tí kòkòrò náà wà lára òun fúnra rẹ̀, sọ pé òun kò ní lo oògùn náà títí àwọn mẹ̀kúnnù tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba yóò fi rí i lò. Títí di ọdún 2002 tí Mandela fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé pé kí ó lò ó, kò gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn wọ̀nyí kò sì dákẹ́: wọ́n ń yan lójú títì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wọ aṣọ tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé àwọn ní kòkòrò HIV.

Kí ẹjọ́ náà tó parí ni ohun tó tú àṣírí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2001, Yusuf Hamied, olórí ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà, sọ fún àjọ àwọn dókítà aláàánú, Médecins Sans Frontières, pé òun lè ṣe ìtọ́jú ọdún kan fún wọn ní dọ́là 350. Kò tó dọ́là kan lójúmọ́. Íńdíà kò fún ẹnikẹ́ni ní páténtì lórí èròjà oògùn nígbà náà, èyí ló jẹ́ kí ó lè ṣe é. Gbogbo ẹni tó ti ń rò pé oògùn náà wọ́n nítorí pé ó ṣòro láti pò wá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Yale pàápàá, tí ó ni páténtì ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, William Prusoff tó wà lára àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ sì ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, títí ilé iṣẹ́ Bristol-Myers Squibb tó ń ta á fi gbà pé òun kò ní fi páténtì náà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, àwọn mọ́kàndínlógójì náà kó ẹjọ́ wọn nílẹ̀.

Bí mo bá ka ìtàn yìí tán, mo máa ń rí i pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Cipla fẹ́ ta ọjà, Gúúsù Áfíríkà fẹ́ rà á. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà kò ju pé kí wọ́n yàgò lójú ọ̀nà. Èyí ni mo wá gbà pé ó jẹ́ ìpìlẹ̀ gbèsè tí wọ́n jẹ: kí a tó sọ̀rọ̀ ìtọrẹ, ẹ má dí ọ̀nà.

Wọn yóò sọ pé ìwádìí ń náni lówó, òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ èròjà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ni kì í di oògùn. Òmíràn á jọ pé yóò ṣiṣẹ́ títí dé ìpele ìkẹyìn kó tó já wọn kulẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ló ń náni? Àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts sọ ní ọdún 2014 pé oògùn tuntun kan ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 2.6, àwọn mìíràn ṣe ìwádìí tiwọn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, agbedeméjì tiwọn kò sì pé bílíọ̀nù kan. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ní ìwé owó náà lọ́wọ́, wọn kì í sì í ṣí i sílẹ̀ fún aráyé. Ẹni tó ní kí n san owó òun, tí kò sì jẹ́ kí n rí ohun tí òun ná, mo lè gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò lè máa gbà á gbọ́ lọ títí.

Ẹ wo sofosbuvir, oògùn tó ń wo mẹ́dọ̀wú oríṣi C sàn pátápátá. Gilead tó ń tà á kọ́ ló ṣàwárí rẹ̀. Ó ra ilé iṣẹ́ kékeré tó ni ín ní nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 11. Nígbà tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2013, dọ́là 84,000 ni ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìyẹn 1,000 lórí kóró kọ̀ọ̀kan. Ní Íjíbítì, níbi tí àrùn náà ti pọ̀ jù, Gilead yìí kan náà ta á ní dọ́là 900 fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kò sì pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Íjíbítì fi ń ṣe tiwọn ní owó tó tún kéré sí i. Wọ́n fi wo àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó yẹ ìwé ilé iṣẹ́ náà wò sọ ní ọdún 2015 pé bí owó tí yóò wọlé ṣe máa pọ̀ tó ni wọ́n wò kí wọ́n tó fi iye náà lé e. Èmi kò sọ pé kí olówó àti òtòṣì san iye kan náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé 900 ti fi hàn pé 84,000 kì í ṣe iye tí oògùn náà ń náni, iye tí wọ́n rò pé ọrùn ẹni tó fẹ́ yè lè gbé ni.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kì í hàn sí aláìsàn. Ogún ọdún ni páténtì ń lò lábẹ́ àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ó parí, ilé iṣẹ́ náà á yí èròjà kékeré kan padà, á sì gba òmíràn lé e. Bedaquiline, tí ó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, ni irú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tuntun àkọ́kọ́ tí ayé rí láàárín ogójì ọdún. Johnson & Johnson fẹ́ na páténtì rẹ̀ ní Íńdíà kọjá ọdún 2023. Àwọn tó lọ bá wọn jà á ni obìnrin méjì, ọ̀kan ní Íńdíà, èkejì ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn méjèèjì ti ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn kì í tètè ràn, tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń gún fún wọn wò ó sàn ṣùgbọ́n tí ó di wọ́n létí. Bedaquiline kì í dini létí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ́fíìsì páténtì Íńdíà gbọ́ tiwọn, ó sì kọ ìbéèrè ilé iṣẹ́ náà.

Títí di ibí, ọ̀rọ̀ oògùn tó wà ṣùgbọ́n tó wọ́n ni mo ń sọ. Èyí tó burú jù lójú mi ni oògùn tó wà, tí wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Àrùn sunrunsunrun, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, á wọ ọpọlọ ènìyàn, á sọ ọ̀sán rẹ̀ di òru, á sì pa á bí kò bá rí ìtọ́jú. Oògùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń wò ó ń jẹ́ melarsoprol; májèlé arsenic ló wà nínú rẹ̀, ó ń jó iṣan bí wọ́n bá ti ń fà á sínú ara, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń pa nǹkan bí ẹnì kan nínú ogún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé eflornithine, tí wọ́n ṣe fún àrùn jẹjẹrẹ tí kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ń jí ẹni tí àrùn sunrunsunrun ti gbé lọ. Oògùn àjíǹde ni àwọn kan ń pè é. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1990. Kò sí owó nínú rẹ̀, nítorí pé tálákà abúlé ni àwọn tó ń ṣàìsàn náà. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1990 sí 2000, ilé iṣẹ́ tó ni ín ti dáwọ́ dúró, wọ́n sì padà sídìí májèlé.

Ní ọdún 2000, eflornithine tún yọjú. Ìpara ni wọ́n fi ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ìpara tó ń dín irun tó ń hù lójú obìnrin kù. À á ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá? N kò bínú sí obìnrin tí kò fẹ́ irun lójú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpara yẹn fi hàn pé kò sí ìṣòro nídìí ṣíṣe oògùn náà rárá. Ọ̀rọ̀ tú síta, àjọ àwọn dókítà aláàánú àti Àjọ Ìlera Àgbáyé kó ara jọ sí i, ní ọdún 2001 sì ni Aventis, ilé iṣẹ́ tó ni ín nígbà náà, gbà láti máa ṣe é fún ọdún márùn-ún, kí ó sì máa gbé e fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti inú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dá DNDi sílẹ̀ ní ọdún 2003, àjọ tí kì í wá èrè, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wá oògùn àwọn àrùn tí ọjà pa tì. Àwọn àti Sanofi ni wọ́n jọ mú fexinidazole jáde, oògùn oníkóró tí ènìyàn ń gbé mì fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù fọwọ́ sí ní ọdún 2018. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí oògùn lè gbà jáde ju èyí tí a mọ̀ lọ, mo máa ń béèrè pé ta ló ṣe fexinidazole.

Òfin àgbáyé pàápàá fi àyè sílẹ̀. Ní ìlú Doha ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fẹnu kò pé páténtì kò gbọdọ̀ dí ìjọba lọ́wọ́ láti dáàbò bo ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀, pé ìjọba lè fi ọ̀ranyàn fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣe oògùn, kí wọ́n sì san owó oníhùmọ̀ fún ẹni tó ni ín. Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí oògùn jẹjẹrẹ kan ní ọdún 2012, Brazil ṣe bẹ́ẹ̀ lórí oògùn HIV kan ní ọdún 2007. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé iṣẹ́ oògùn tirẹ̀ ni ọ̀nà náà há fún: ètò tí wọ́n ṣe kí irú wọn lè rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Rwanda nìkan ló rí oògùn gbà nípasẹ̀ rẹ̀ láti Kánádà, ní ọdún 2008. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é níbẹ̀ sọ pé òun kò tún ní gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lenacapavir ló wà lójú ọpọ́n báyìí. Abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gún un lọ́dún, ó sì ń dáàbò bo ẹni tí kò ní kòkòrò HIV kí ó má baà kó o. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, àwọn 2,134 ni wọ́n gún un fún, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó kó kòkòrò náà nínú wọn. Dọ́là 28,218 lọ́dún ni Gilead kọ sí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2025. Kí n má ṣàìsọ èyí tó dára: Gilead ti fún ilé iṣẹ́ mẹ́fà láṣẹ láti ọdún 2024 kí wọ́n ṣe é ní pọ́ọ́kú fún orílẹ̀-èdè 120, méjì nínú wọn sì ti ṣèlérí pé láti ọdún 2027, dọ́là 40 ni yóò jẹ́ lọ́dún. Ó sàn ju ti Pretoria lọ fíìfíì. Wọn kò dúró di ìgbà tí ẹnì kan yóò pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ìdánwò kejì wà tí mo máa ń padà sí. Lára ibi tí wọ́n ti ṣe é ni Brazil, Argentina, Mexico àti Peru. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jókòó sí ilé ìwòsàn, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gún nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ àrídájú rẹ̀ sí àwọn níkùn, kí ayé lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo ka orúkọ 120 náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí níbẹ̀. Wọ́n ní wọn kì í ṣe òtòṣì tó. Wọn yóò jókòó pẹ̀lú Gilead, wọn yóò dúnàádúrà, iye tí ilé iṣẹ́ náà bá sì gbà ni wọn yóò san.